Ọjọ́ Tí Tọ́lá Pe Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Lórúkọ

Ọjọ́rú

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí: orúnkún mi, òjò, àti Tọ́lá ọmọ ọmọ mi. Eré tí wọ́n fẹ́ lọ gbá ní ìlú Cork ní Àbámẹ́ta ni kóòṣì fi máa mọ̀ bóyá á ṣì wà nínú ẹgbẹ́ họ́kì wọn. Ẹ̀yìn ló ń ṣọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í pariwo fún àwọn tó wà níwájú.

Bísí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níwájú! Àwa la sì kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ lásán. Kó tó pe "Àǹtí Bísí" tán, bọ́ọ̀lù ti kọjá.

Lónìí, níbi ìdánrawò ní Blanchardstown, àdúgbò wa, ó ṣàdédé ké: "Bísí! Left!" Bísí yà sósì, ó gba bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ní, "Grand, Tọ́lá!" Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dára níbí nìyẹn.

Ìyá wọn, tí a jọ jókòó ń wòran, fò dìde. "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni? Ta ló ń pè ní Bísí?"

"Ìyàwó mi, fi í sílẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n nínú pápá."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Bó bá wá mọ́ ọn lára ńkọ́?

A délé, ó gbé tíì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí Bísí, your tea."

"Oh, I'm Àǹtí again?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ yìí á ṣì wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mo ti sọ pé orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n lọ sí Cork. Kó máa ro mí lọ́hùn-ún. Àárọ̀ Àbámẹ́ta yìí, èmi náà á bá wọn wọ rélùwéè.