Ẹja Tí Mo Ní Kó Sinmi

Mísbáù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá Accra. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Àlàáfíà la wà lóko níbí, àgbàdo ti yọmọ, orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn. Tàíbátù ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹja rẹ ni. Nígbà tí mo wá kí yín ní Darkuman, mo rí àpótí gíláàsì tí o rọ omi iyọ̀ sí, pẹ̀lú àwọn òkúta bí òdòdó tí o ní wọ́n ń mí. Ẹja tí àwọn ará Jamestown ń yan tà, ìwọ tanná fún un, o sì gbé ẹ̀rọ méjì kojú síra nínú omi, wọ́n ń ti ìgbì lu ara wọn tọ̀sán-tòru. Àánú ẹja ṣe mí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ̀ pé omi tó bá sinmi ló ń tòrò. Fáòsíà ìyàwó wa ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti ń pọnmi kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Bó ṣe lọ sọ́jà, mo yí ojú ẹ̀rọ kan sí ẹ̀gbẹ́ kí ìjà lè parí. Nígbà tí omi kò sinmi, mo pa méjèèjì. Nígbà tó yá, gbogbo ẹja gòkè wá, wọ́n ń yanu sí mi. Mo rò pé wọ́n ń dúpẹ́ ni. Mo ní kò tọ́pẹ́, mo lọ sùn.

O ti ibi iṣẹ́ dé, ẹja ti léfòó, o sì kígbe mọ́ Fáòsíà pé òun ló pa ẹ̀rọ tó ń fún ẹja ní èémí nítorí owó iná. Mo wà níbẹ̀. Mo wúkọ́, mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ mi wá. Ó wò mí, ó mọ̀, kò sọ ọ́. Ó bu oúnjẹ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ló gbé àpò mi dé ìdí ọkọ̀ trotro.

Bàdírù awakọ̀ wá sọ fún mi pé Fáòsíà ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Madina. Tàíbátù ní kí n bẹ̀ ọ́. Mi ò mọ bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ, àmọ́ èmi ni mo pa ẹja, kì í ṣe òun.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má fi í sínú fóònù, torí èyí tó kọjá, mo gbọn fóònù náà títí, kò jábọ́. Bàdírù ni kí o kó o fún. Madina ni mo ń bọ̀ tààrà, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n má dúró dè mí, lọ mú ìyàwó rẹ wálé lónìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o darúgbó tó mi kí o tó mọ bí a ṣe ń sọ pé, èmi ni mo ṣe é. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Bùràímọ̀