Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Tíṣà Tí Mo Bá Nínú Àpótí Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí tẹ́ ẹ ti lọ. Ara àwa tó kù le. Ìyá onílé ṣì máa ń gbàgbé, á ní kí n bá òun kí yín tí mo bá wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìkíni ni mo ṣe kọ̀wé yìí o. Inú ń bí mi sí yín, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún, torí ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìyá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ló ṣe mí báyìí?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ alágbàfọ̀ nínú àgbàlá wa ní Okokomaiko. Ẹ ní aṣọ funfun kì í bá aláwọ̀ wẹ nínú ọpọ́n kan náà. Ẹ ní kí n máa fi àkísà nu wáyà kí n tó sá aṣọ sí i, kí ìpẹtà má bàa ràn án. Búlúù tó ń mú aṣọ funfun tàn, inú àkísà lẹ ti máa ń dì í, ẹ ó rì í bọ omi ìṣanṣọ ìkẹyìn, ẹ ó fà á yọ kíá, torí bó bá pẹ́ jù, aṣọ funfun á di aṣọ ọmọléèwé. Ẹ kì í jẹ́ kí n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú kan aṣọ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò lára ìró tiyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń ṣe é.

Ẹ ò kàwé, nítorí náà òwú lẹ fi ń mọ aṣọ oníbàárà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Òwú dúdú kan ní igun, ti bàbá tó ń ta rédíò ní Àlàbá. Òwú pupa méjì tó dábùú ara wọn, ti Tíṣà tó ń gbé ní Ìbà. Èmi ni mo máa ń ran án torí ojú mi mú, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń ran án, kì í tọ́. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òwú mi ti mutí yó.

Ẹ mọ ohun tí Tíṣà jẹ́ fún mi. Bí mo bá gbé aṣọ lọ fún wọn, wọn á ní kí n jókòó kàwé kí n tó padà. Nígbà tí mo wà ní praimárì síìsì, wọ́n bá yín sọ ọ́ pé bí mo bá jáde, ọ̀dọ̀ àwọn ni màá máa gbé lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ yọ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Oṣù yẹn náà ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn kan di àwátì, èyí tí ìyá wọn fi òwú ya òdòdó sí létí nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Méjì ni wọ́n kó fún wa, ẹyọ kan la dá padà. Ẹ ní ẹ ò rí i, pé èmi ni mo ká aṣọ lórí wáyà lọ́jọ́ náà. Ẹ mú mi lọ sí Ìbà, ẹ tẹ̀ mí léjìká, ẹ ní kí n kúnlẹ̀ kí n ní kí wọ́n má bìínú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún àgbà nìyẹn, a jẹ̀bi o, a ò jẹ̀bi o? Bí omi bá dànù nílé àgbà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ gan-an á ní kí wọ́n má bìínú. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbọ́ ọ bí ìjẹ́wọ́. Wọ́n wò yín, ẹ wolẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́ ò lè bá àwọn gbé.

Bí ìwé mi ṣe parí nìyẹn. Láti Ìbà dé ibùdókọ̀ Okoko, afọwọ́rá lorúkọ mi. Tí mo bá lọ gbaṣọ nílé ẹnì kan, wọn á kà á lójú mi, wọn á tún un kà. Ẹ sì máa ń ní kí n fara dà á, pé òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Ẹ tiẹ̀ lẹ́nu àtisọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí àpótí yín. Lábẹ́ gbogbo aṣọ, nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú káfúrà tẹ́ ẹ fi bébà dì kó má bàa kan funfun lára, mo bá a. Òdòdó létí, òwú pupa méjì ní igun, ó wọ́ bí mo ṣe máa ń ran án. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kò pọ́n, Màámi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé aṣọ funfun tí a gbé pamọ́ láìfọ̀ á pọ́n níbi tí a ti ṣẹ́ ẹ po, ibẹ̀ náà ló sì máa kọ́kọ́ ya. Ọdún kọkànlá rèé, ó ṣì funfun báláú. Á jẹ́ pé lọ́dọọdún lẹ ń yọ ọ́, tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ̀ ń lọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ tún ń dá a padà. Ìgbà wo lẹ ń ṣe é? Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá rán mi lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì ni? Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ṣe é, màá ní iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ ò tiẹ̀ tẹ́ ẹ sùn rí. Ṣé torí pé gbogbo ayé lẹ fọ aṣọ funfun fún, tẹ́ ẹ ò ní ọ̀kan? Ẹ bá ti sọ fún mi, ǹ bá ya òdòdó sí tiyín létí.

Mo fọ̀ ọ́, mo fi sítáàṣì díẹ̀ sí i, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìbà. Lójú ọ̀nà, mo ń rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀yin lẹ máa di olè nínú sàréè. Bí mi ò bá sọ ọ́, èmi ni olè títí láé. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́?

Tíṣà ti darúgbó. Wọ́n tú aṣọ náà, wọ́n fọwọ́ pa òdòdó ìyá wọn, wọ́n ní ṣé mo wá dá a padà ni.

“Èmi kọ́ ni mo gbé e, mà. Màmá mi ni.”

Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi bẹ àwọn nígbà náà, mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹ sọ ọ́ fún mi kẹ́ ẹ tó lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, tí mò ń fọ ìtọ̀, tí mò ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣàdúrà fún mi títí ohùn yín fi wọlẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀, ẹ ò sọ èyí.

Tíṣà ní àwọn á bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Orúkọ yín ni wọn á máa dá báyìí, èmi ni mo sì fi lé wọn lọ́wọ́. Bí inú bá ń bí yín níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ máa bínú. Èmi náà ṣì ń bínú, mo sì ń sunkún yín láràárọ̀ tí mo bá bomi sí ọpọ́n.

Ẹ sùn re, Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò jalè rí.