Sinimá Tí Mi Ò Ti Sọ̀rọ̀

Èkó, 1978

Màmá mi,

Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Mo ti kúrò nínú eré tẹlifíṣọ̀n, mo ti bọ́ sí sinimá ńlá! Ẹ rántí pé èdè Ayétòrò wa tí mò ń sọ ló ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sinimá ní èdè ará oko ni, òun ò fẹ́ ẹ gbọ́. Èdè tí ẹ fi rẹ̀ mí lẹ́kún o! Kò burú, wọ́n fún mi ní ipa tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n ní mo ṣe é dáadáa. Mi ò tilẹ̀ mí.

Ẹ bá mi kí Bàrúwà àbúrò mi. Bí sinimá náà bá dé Ìlaròó, kó má mú yín lọ. Bí ẹ bá sì lọ, ẹ má wá ojú mi. Òkú tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, tí wọ́n gbé kọjá yẹn,

Mẹ̀dínátù yín ni.