Ìdánrawò Ọ̀sẹ̀ Yìí

Ìpẹ̀rú Rẹ́mọ

Bọ̀dá mi Akínbọ́lá,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Mọ́mì ti fúyẹ́. Bàbá ń jẹun, oògùn wọn ò sì tíì tán, àmọ́ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan títí ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi parí.

Mo ti gba ohùn ìdánrawò orin tí ẹ fún mi lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí yín lórí wásáàpù. Béèsì ti ń gún régé, mi ò sáré mọ́. Gìtá ló ṣì ń dà mí láàmú. Ohun tí ẹ ń bá mi wí lé lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni: kí orin búlúùsì tó yí po, ọwọ́ mi á ti lọ parí ẹ̀ bí Àmín ìparí hímù. Kí ni kí n ṣe? Ọmọ ọ̀gá kọ́yà Mẹ́tọ́díìsì ṣáà ni mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé. Ibi tí mo ti tún fi Àmín yẹn parí ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má bínú, ẹ kàn yí ohùn rẹ̀ sókè. Bàbá lẹ máa gbọ́ lẹ́yìn gìtá. Wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọ́n ní: "Kò tíì kan Àmín!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Olúwa á mú yín wálé wá bá wọn.

Àbúrò yín,
Tómilọ́lá