Ìwé Ìbí Tẹniọlá àti Àwọn Aṣòfin Dọ́bílìn

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Fimíhàn ọmọ mi fi líǹkì kan ránṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ní kí n yára wò ó, ọ̀rọ̀ àwọn ni wọ́n ń sọ nílé aṣòfin Dọ́bílìn. Áyálándì. Ọdún mẹ́rin rèé tí ọmọ mi ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́hùn-ún, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, òfin wọn ò sì jẹ́ kó mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ọmọ náà ni Tẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó wà lọ́dọ̀ mi ní Bàrígà níbí.

Mo gbé fóònù ti agolo ìńkì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Mò ń ka púrúùfù àlímánáàkì ìjọ kan, mò ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mò ń fi etí kan gbọ́ wọn. Agogo wọn àti tiwa dọ́gba lásìkò yìí. Gbọ̀ngán ńlá, àga lọ bí ilẹ̀ bí ẹní — èèyàn mẹ́jọ ló jókòó. Mo rò pé ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ń tẹ fóònù, ẹnì kẹta ń wo òrùlé. Ṣé báyìí náà ni tàwọn òyìnbó?

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Alága ni Bàbá Aláago, torí agogo ló máa ń lù bí ariwo bá pọ̀. Mínísítà tó ń dáhùn ni Ọ̀gbẹ́ni A-Ń-Wò-Ó. Ohun tí wọ́n bá bi í, a ń wò ó ni. Obìnrin onírun funfun ló gbé àbá náà wá. Ohùn rẹ̀ ń há bíi ti ẹni tó fẹ́ sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìyá Ẹjọ́ ni mo pe ìyẹn.

Àbá ọ̀hún: kí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lè mú ọmọ wọn wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Mo rí àṣìṣe mẹ́ta nínú àlímánáàkì. Wọ́n gbé Ọjọ́ Àjíǹde sí Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, 7

Wọn ò dìbò. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹtì, 9

Fimíhàn pè. Ó ní bí àbá bá ti wọlé báyìí, òun ò ní fi falẹ̀, kí n ya fọ́tò ìwé ìbí Tẹniọlá ránṣẹ́ sí òun. Mo ní mi ò rántí ibi tí mo fi í sí. Irọ́. Inú àpótí ló wà, nínú ọ̀rá, lábẹ́ Bíbélì ọkọ mi. Mo lè fi ojú dídì mú un.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Fimíhàn lọ, ọmọ ọdún márùn-ún ni Tẹniọlá. Ilé ìwé ní àwọn fẹ́ ìwé ìbí. A ò gbà á nígbà tí wọ́n bí i; ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni wọ́n bí i sí, ọkùnrin tó fún Fimíhàn lóyún sì ti ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo lọ gba ìwé náà fúnra mi. Akọ̀wé bi mí pé ta ni ìyá ọmọ. Mo ní èmi ni. Ẹnu mi ò gbọ̀n. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ débẹ̀. Èmi ló ń pè ní Ìyá mi, ó ń pe ẹni tó bí i ní Àǹtí Fimíhàn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe. Akọ̀wé tún ní, bàbá ńkọ́? Mo rò ó pé bí mo bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, àwọn èèyàn á máa bi ọmọ náà títí. Mo dárúkọ ọkọ mi. Ikúmápàyí.

Ikúmápàyí ti kú fún ọdún méjì kí wọ́n tó bí Tẹniọlá. Òkú bímọ! Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lèmi náà lọ́dún tí ìwé ní mo bímọ. Èmi àti Sárà inú Bíbélì.

Gbogbo Ṣómólú ló mọ̀ mí sí Màmá Púrúùfù, ẹni tí àṣìṣe kì í bọ́ mọ́ lójú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ àṣìṣe ẹlòmíì.

Bí mo bá sọ fún Fimíhàn, á dùn ún. Bí mi ò bá sọ, wọ́n á dá ìwé rẹ̀ padà lọ́hùn-ún, ọmọ á sì dúró tì mí. Mo fẹ́ kó dúró tì mí. Mo ti kọ ọ́, ó ti wà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 10

Orúnkún. Òjò. Mi ò jáde.

Ìṣẹ́gun, 13

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá lónìí. Kí wọ́n tó kan tiwa, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni: àwọn aláìsàn tó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, obìnrin kan tó ti ń retí láti èṣí kí wọ́n tó tún orúnkún rẹ̀ ṣe. Mo yọ awò ojú mi. Orúnkún tèmi náà, oṣù Kẹsàn-án ni dókítà ní kí n padà wá. Mo ti rò pé àwa nìkan ni.

Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan dìde, olórí pípá, mo pè é ní Onílé. Ó ní kí wọ́n má bínú o, níbo ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí sùn? Ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ò rí ilé gbà, àgbàlagbà ọmọ ọgbọ̀n ọdún ṣì ń gbé yàrá tó ti gbé láti kékeré. Mo rí ara mi tí mò ń mi orí. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ilé ò sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró síbi tó wà. Mo di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ọkùnrin yẹn bá pàdé Fimíhàn lọ́nà, mi ò rò pé á kí i.

Ìyá Ẹjọ́ ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan, kò dárúkọ, tó máa ń wọ ilé ìyàgbẹ́ nígbà ìsinmi oúnjẹ kó lè gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ka àkọ́sórí lórí fóònù, tí á sì nu ojú nù, tí á padà lọ fún ìyá oníyàá lóúnjẹ. Fimíhàn ni. Bí kì í bá ṣe òun, irú rẹ̀ ni. Mo pa fóònù. Mo ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá Gbàdàmọ́sí tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n máa lọ sílé, ó ti rẹ̀ mí.

Ó ti rẹ̀ mí lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15

Tẹniọlá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. A ń kó ìwé orin ìjọ kan jọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní òkìtì tirẹ̀ lórí tábìlì gígùn, gbogbo wa ń rìn yí i po, a ń mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan títí ìwé á fi pé. Falilat tó máa ń di ìwé ló ń ṣíwájú, àwa tó kù ń tẹ̀ lé e. Tẹniọlá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rìn yípo méjì, ó sú u. Ó gun àpótí. Ó fi rúlà irin lu tábìlì bíi Bàbá Aláago, torí ọmọ yìí ti ń bá mi wò wọ́n. Ó ní ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ o, gbogbo ẹni tó bá ní kí òun lọ bá Àǹtí Fimíhàn, kí wọ́n nawọ́ sókè.

Falilat nawọ́. Ọ̀gá Gbàdàmọ́sí nawọ́ láti ìdí maṣíìnì, ìńkì dé ìgunpá. Gbogbo wọn nawọ́. Ewé ìwé wà ní ọwọ́ mi méjèèjì.

Ó ní Ìyá mi, ẹ ò dìbò. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ó ní kò burú, àbá ti wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Falilat ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé mi lọ síbi tí a ti ń fọ ọwọ́, ó bi mí kí ló dé. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti òkú tó bímọ. Ó di ẹnu mú. Ó ní, "Háà, Màmá Fimíhàn, ẹ ò tíráì o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí kóńmà tó sọnù!" Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní èyí tí mo sọ fún akọ̀wé, àánú ọmọ ló ṣe mí, ìyẹn yé òun. Ó ní èyí tí mò ń pa fún Fimíhàn báyìí ńkọ́? Mo ní mi ò purọ́, mo dákẹ́ ni. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, mo mọ ìyókù. Mo ní tèmi ò tíì pé márùn-ún. Inú ń bí mi. Mo ní ẹni tí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ò lè mọ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun ò mọ̀. Ó padà sídìí tábìlì.

Ì bá sàn kó bá mi jà.

Ajé, 19

Wọn ò tíì dìbò, àwọn aṣòfin gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ó rẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?

Ìṣẹ́gun, 27

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Kò sí ilé ìwé. Tẹniọlá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà.

Wọ́n lu agogo ìdìbò pẹ́ títí, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ọkùnrin, obìnrin, àwọn tí mi ò rí rí. Gbọ̀ngán kún. Àṣé wọ́n wà! Tẹniọlá bi mí bóyá gbogbo àwọn yìí mọ òun. Mo ní rárá. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe máa wá mọ èyí tó dáa fún òun? Mo ní kó jẹ ẹ̀pà rẹ̀.

Ìbò mẹ́fà ni wọ́n fi borí. Àbá wọlé. Onílé gbé fáìlì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀gbẹ́ni A-Ń-Wò-Ó dìde — mo múra sílẹ̀ fún a ń wò ó — ó ní àwọn gbà, àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ìyá Ẹjọ́ bo ojú. Tẹniọlá fò sókè, ẹ̀pà dà sílẹ̀, Falilat gbé e yípo tábìlì.

Fimíhàn pè, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹkún. Nígbà tó rí ohùn, ó ní Màmá, ìwé ìbí nìkan ló kù. Mo ní mò ń wá a.

Tẹniọlá ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò ilé ìwé, ó kó ìwé kíkà rẹ̀ jáde kí àyè lè wà. Ó bi mí bóyá wọ́n ní ẹja níbẹ̀. Ó bi mí ọjọ́ wo lèmi máa wá. Mo ní ká ṣì kọ́kọ́ rí tirẹ̀.

Mi ò lè ṣe é. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi dá ọmọ yẹn dúró.

Ọjọ́rú, 28

Mo sọ fún Fimíhàn. Mo dúró kó jáde lẹ́nu iṣẹ́, mo pè é, mi ò fi omi là á. Mo ní orúkọ mi ló wà níbi tó yẹ kí tìẹ wà. Orúkọ bàbá ẹ ló wà níbi orúkọ bàbá Tẹniọlá.

Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní arúgbó kan wà tí òun ń tọ́jú, tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ, ó ń pe òun ní ìyá rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní ọmọ tí òun bí ń pe òun ní àǹtí. Ó ní, "Màmá, ta wá ni mò ń jẹ́?" Ó pa fóònù.

Mo jẹ̀bi. Mo jẹ̀bi.

Ọjọ́bọ̀, 29

Kò pè.

Ẹtì, 30

Kò pè. Tẹniọlá ní bóyá dátà rẹ̀ ló tán.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ohùn Fimíhàn lórí fóònù. Ó ní inú ń bí òun, inú ṣì máa bí òun fún ìgbà díẹ̀ o, kí n má bẹ òun. Ó ní òun ti béèrè: kí n lọ búra ní kóòtù, kí n mú ọmọ dání, wọ́n á bá wa tún ìwé náà ṣe kó tó di oṣù Keje. Kò kí mi kó tó pa á. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìṣẹ́gun, 3

Kóòtù. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé ni orúkọ ẹni tó ń gba ìbúra, àgbàlagbà, ó rora ń sọ̀rọ̀. Ó ka ìwé náà sétí mi: èmi, Sabina Ikúmápàyí, opó, búra pé kì í ṣe èmi ni mo bí Tẹniọlá, pé ọkọ mi tó ti dolóògbé kì í ṣe bàbá rẹ̀, pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti òkè awò rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé torí èyí o." Mo ní mo mọ̀, sà. Ó ní ṣé kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀. Mo kà á fúnra mi látòkè délẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ó wá kọjú sí ọmọ. Ó ní, "Ìwọ, ta ni màmá yìí sí ẹ?"

Mo ti fẹ́ dáhùn. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

Tẹniọlá wò mí. Láàárọ̀ yìí, nígbà tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, Ìyá mi ló ń pè mí káàkiri ilé. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá ìyá mi ni, sà. Olúwafimíhàn lorúkọ ìyá mi. Áyálándì ló wà."

Èmi ò kọ́ ọ. Mo ti bi Fimíhàn, òun náà ò kọ́ ọ. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo búra, mo fọwọ́ síwèé.

Nígbà tí a dé ìta, ó di aṣọ mi mú. Ó bi mí bóyá òun sọ ọ́ dáadáa. Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa.