Wáyà Tí Mi Ò Dáhùn

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹwàá, 1956
Ìyá mi kú kí wọ́n tó já mi lẹ́nu ọmú. Ṣọ̀pọ̀nná ba ojú mi jẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú pa ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ́sẹ̀ kan, èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin wọ́n sí. Ejò bù mí jẹ lóko Atosin. Mo ru kòkó lórí láti ibí dé Àkúrẹ́ títí irun àárín orí mi fi re dànù. Iná jó oko mi, mo tún un gbìn. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé. Lónìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ló ga jù ní Odode.
Nínú ilé mi, tí wọ́n bá bi mí ní nǹkan tí mo dákẹ́, mo ti gbà nìyẹn. Tí mi ò bá gbà, ilé á mì. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2
Wáyà dé láti Ìbàdàn. Ajíbádé tó ń tẹ wáyà ní pósófíìsì ló mú un wá fúnra rẹ̀ — Tikitiki ni mo ń pè é, nítorí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀. Felix ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Egbò ẹsẹ̀ Bernadette, àbúrò rẹ̀, ti ń jẹrà ní ọsibítù. Dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ọ̀rọ̀ bàbá ni wọ́n ń dúró dè. Felix ti san owó èsì sílẹ̀.
Bernadette. Ìyá Kékeré mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún — tó ń sáré gun àkàsọ̀ Òkè ìlú wa láìsinmi.
Moríyọ̀ ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ó ní kí wọ́n gé e, kí ọmọ ṣáà yè. Mo dákẹ́. Ẹnu tèmi yìí kọ́ ni màá fi sọ pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ mi. Tikitiki ní kí n sọ èsì kí òun kọ ọ́. Mo ní kó máa lọ, Felix mọ ìṣe mi.

Ọjọ́rú, 3
Mo yà ní pósófíìsì. Tikitiki fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ọ̀rọ̀ kì í fò láti Ìbàdàn dé ibí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdàn á tẹ̀ ẹ́ fún Àkúrẹ́ — á tẹ kúkúrú, á tẹ gígùn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Àkúrẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá tẹ̀ ẹ́ fún òun. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun gbọ́. Tí kò bá dáhùn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á tún un tẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti sọnù lọ́nà.
Mo ní ó yé mi. Kí ni kì í yé mi?
“Bó bá yé yín, Bàbá, ẹ dáhùn nígbà náà.” Ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo ní èmi kì í ṣe Àkúrẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4
Wáyà kejì. Felix ń bèèrè bóyá mo rí ti àkọ́kọ́. Ọmọ fẹ́ máa kán mi lójú! Wọ́n á ti gé e báyìí. Moríyọ̀ ní kí òun lọ dáhùn. Mo ní obìnrin kọ́ ni wọ́n tẹ wáyà sí.
Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá tí Ìyá Kékeré á máa fi rìn. Igi tó fúyẹ́, tí kò ní dun abíyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Òjò. Lọ́rì kankan ò kọjá. Kò sí wáyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Wáyà kẹta. Tikitiki ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré kú láàárọ̀. Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀, 11
Felix délé. Wọ́n ti sin Ìyá Kékeré sí Ìbàdàn. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n gé e, ṣebí ó mọ̀ pé mo dákẹ́.
Ó ní, “Bàbá, nílé, tí ẹ bá dákẹ́, mo máa ń wo ojú yín. Mi ò rí ojú yín nínú wáyà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ tilẹ̀ gbọ́.”
Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Mọ̀lẹ́bí pé sí pálọ̀ mi. Olútìmẹ́hìn, àbúrò mi, nàka sí Felix. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà kú sí, ó jókòó tì í láì ṣe nǹkan kan títí ẹsẹ̀ fi jẹrà tán. Felix ò wí nǹkan kan nípa wáyà. Kò fẹ́ dójú tì mí. Gbogbo wọn yíjú sí mi.
Mo dákẹ́.
Wọ́n mi orí. Bàbá ti gbà. Felix gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.
Moríyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ tún ti dákẹ́,” ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Mi ò lọ sí Máàsì.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá pe Olútìmẹ́hìn àti gbogbo wọn padà. Màá dìde dúró. Màá sọ ọ́ sókè pé wáyà méjì dé ọwọ́ mi kí ọmọ náà tó kú, mi ò dáhùn ìkankan. Lọ́jọ́bọ̀, màá wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Felix ni màá kọ́kọ́ bẹ̀.