Ata Ẹ̀gbẹ́ Ààrò Ìyá Rẹ

Òkè-Ṣọpẹ́n,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
14 Oṣù Ọ̀wàrà, 1961.

Lará, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, Ọlọ́run tí ó mú ọ gun òkè ìwé kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi orúnkún mi tí ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kí o tó ka ibikíbi síwájú, mọ̀ pé mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ilé onígíláàsì yẹn. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Lẹ́yìn Àjíǹde tí lẹ́tà rẹ dé, tí o ní iṣẹ́ rẹ ni kí o máa tú irú èémí tí ènìyàn ń mí jáde láti inú àgbá irin sí ara irúgbìn inú ilé onígíláàsì náà, kí ẹ sì mú un móoru, kí ẹ lè mọ bí ohun ọ̀gbìn yóò ti ṣe bí èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ bá ń pọ̀ sí i láyé, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Alùfáà bi mí pé èémí ta ni wọ́n dì sínú àgbá náà, n kò sì mọ̀. Jọ̀wọ́ wádìí pé kì í ṣe ti ẹni tó ní ikọ́ ife.

Èmi náà kò káwọ́ gbera. Mo hú gbogbo ata rodo ìyá rẹ, mo lọ gbìn ín yí àtíbàbà tí ó ti ń yan gàrí ká, níbi tí èéfín, ooru àti èémí àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ti wọ́n. Lará, ewé wọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, igi wọn ga dé àyà mi. Àwọn ènìyàn ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá wò ó, mo sì ń sọ fún wọn pé ìmọ̀ ọmọ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n gbogbo òdòdó tó yọ ló ń já bọ́. Títí di òní, ata kan ṣoṣo kò so. Rùfáì aránṣọ, aládùúgbò wa, wá dúró tì wọ́n, ó ní Bàbá Tíṣà kú iṣẹ́ ewé, pé ìgbà wo ni kí òun wá já díẹ̀ fi pọ́n ẹ̀kọ.

Ìgbà náà ni mo mú awò ojú mi, tí mo ka ojú ìwé kejì tí n kò kà fún ìjọ. O kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èémí náà a máa mú ewé tóbi, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá ìwọ̀n, òdòdó a rẹ̀, èso kì í dúró, àti pé ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á gé igi tó ń ṣíji bo kòkó. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ọmọ mi ti lo ọdún méjì nínú irú ooru yẹn, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àwòrán tó fi ránṣẹ́ sì fi hàn pé ó sanra dáadáa, bí ewé ata yẹn gẹ́lẹ́. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ pé a ń retí ọmọ-ọmọ, kí wọ́n wá ibi ìbòji fún ọ.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó kọ́kọ́ yan gàrí tó wà níwájú rẹ̀ tán. Ó wá ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun ti wà lẹ́nu ààrò yìí, ọmọ méje ni òun bí, ìwọ gan-an, àárín gàrí yíyan ni ìrọbí rẹ ti mú òun, ṣé òun ni ata. Ó ní mo ti ba ata òun jẹ́, kí n má fi iṣẹ́ ọmọ òun kún un.

Nítorí náà, sáré bá akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà, kí o gba tèmi kí ọ̀gá rẹ tó ṣí i. Àpòòwé aláwọ̀ búlúù ni. Bí ó bá sì ti ṣí i, sọ fún un pé bàbá rẹ ti darúgbó, n kò ní bínú. Má kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun tí o kọ ṣẹ lójú mi pátápátá, mo sì ti sọ fún ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta igi afàrà tó wà lóko kòkó wa fún àwọn onígẹdú. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ọmọ mi ni.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ọjà ni a ti ń ra ata láti oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tí ìyá rẹ bá sì rà á, n kì í rí ẹran nínú ọbẹ̀ mi. Iṣẹ́ rẹ yóò so, yóò sì gbó, ìwọ náà yóò sì rí ẹni ṣíji bò ọ́. Ṣùgbọ́n ṣì máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zechariah Akínbọ́lá.